Fáírọ́ọ̀sì, Alájàpá Àárín Bakitéríà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí wa, gbogbo wa ni a mọ onígbáméjì, a sì mọ bí ó ti ń fa omi ara ènìyàn gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀. Ṣùgbọ́n oró tí kòkòrò rẹ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ ibi yìí kì í ṣe tirẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àlejò ni ó gbé e wá fún un. Bí àwọn onímọ̀ ṣe mọ èyí ni a fẹ́ sọ.

Ní 1946, Joshua Lederberg àti Edward Tatum fi hàn ní Amẹ́ríkà pé bakitéríà, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín wọ̀nyí, lè fún ara wọn ní àbùdá. Ní 1950, Bernard Davis lo ìgò kan tí ó tẹ̀ bí lẹ́tà U, tí ó ní asẹ́ nísàlẹ̀. Omi ń kọjá, bakitéríà kò lè kọjá. Bí wọn kò ti rí ara wọn fọwọ́ kàn, pàṣípààrọ̀ náà dáwọ́ dúró.

Norton Zinder, akẹ́kọ̀ọ́ Lederberg ní Yunifásítì Wisconsin, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25, wá fi Salmonella sínú irú ìgò bẹ́ẹ̀. Salmonella yìí jẹ́ ìbátan kòkòrò tí ń fa ibà táífọ́ọ̀dù. Oríṣi méjì ni ó lò, oríṣi kọ̀ọ̀kan kò sì lè dá àwọn èròjà kan ṣe fún ara rẹ̀. Asẹ́ wà láàárín wọn, síbẹ̀ àwọn kan ní apá kan gba agbára tí wọn kò ní tẹ́lẹ̀. Kí ni ó kọjá? Bóyá DNA lásán ni? Wọ́n da ohun tí ń jẹ DNA run sí i, kò yí nǹkan padà. Fáírọ́ọ̀sì ni! Ó ti sápamọ́ sínú ọ̀kan nínú oríṣi méjèèjì. Wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní 1952, wọ́n sì pè é ní transduction.

Bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Fáírọ́ọ̀sì a wọ inú bakitéríà, a bí ọmọ rẹpẹtẹ síbẹ̀, a sì di àbùdá rẹ̀ sínú àpò ọmọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn, bí alájàpá tí ń fi ìkánjú di ẹrù, a ṣèèṣì gbé ẹrù onílé dípò tirẹ̀. Ilé tí ó bá tún wọ̀ ni yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

Victor Freeman ti rí ohun tí ó jọ èyí ní Seattle ní 1951. Kòkòrò diphtheria tí kò ní oró di olóró nígbà tí fáírọ́ọ̀sì kan wọ inú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àbùdá oró náà jẹ́ ti fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Oró yìí gan-an, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa agbára rẹ̀, ni wọ́n fi ń ṣe àjẹsára tí àwọn ọmọ wa ń gbà. Nígbà tí àrùn náà jà ní Kano ní 2023, ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tí ó mú ni kò gba àjẹsára náà pé.

Ti onígbáméjì pẹ́ kí ó tó hàn. Ní 1996 ni Matthew Waldor àti John Mekalanos fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì ni ó ru àbùdá oró rẹ̀. Irun tín-ín-rín tí kòkòrò náà nílò láti lè tẹ̀dó sínú ìfun ènìyàn ni fáírọ́ọ̀sì ń gbà wọlé sí i lára. Nínú ìfun eku tí wọ́n fi dán an wò, ó rọrùn fún un láti wọlé ju inú ìgò lọ.