Ojú Irin Èkó: Èrò Pọ̀, Ọkọ̀ Ò Tó

Èrò ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pọ̀ ju ọkọ̀ lọ lójú irin Èkó. Nígbà tí ìjọba amúnisìn ṣí ọ̀nà rélùwéè láti Ìddó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, ẹrù ló wà lọ́kàn wọn. Ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa tó gbọ́dọ̀ dé etí òkun ni òyìnbó ń wò. Òṣìṣẹ́ tó ń gbé Agége, tó sì fẹ́ wà nídìí iṣẹ́ láago méje ààbọ̀ àárọ̀, kò sí nínú ìṣirò wọn rárá. Lọ́dún 1902 ni wọ́n tún ṣe tírámù kékeré kan tó gba orí afárá Carter láti Ìddó wọ Erékùṣù Èkó. Òun náà ò tọ́jọ́ bí ọkọ̀ èrò. Ìgbẹ́ ìlú ni wọ́n wá ń fi í kó, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá ní 1933.

Ìlú gbòòrò, Agége di Èkó, Agbádó àti Ìjokò náà kún fún àwọn tó ń jẹun l'Ékòó. Ọ̀nà ẹrù àtijọ́ yìí náà, tí ìbú irin rẹ̀ ò ju 1,067 mìlímítà lọ, ni iléeṣẹ́ rélùwéè ìjọba àpapọ̀ ń fi gbé wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ nígbà kan. Ẹni tó bá mọ ìgbà náà mọ bí èrò ṣe ń gun òrùlé ọkọ̀. Wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ irin tó so kọ́ọ̀ṣì méjì pọ̀, wọ́n á di ojú fèrèsé mú, wọ́n á fò sókè. Tí ọkọ̀ bá ń wọ abẹ́ afárá, gbogbo wọn á dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó ń kí ọba. Àwọn kan ń sá fún owó tíkẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ pé ìyẹn nìkan ni: inú ọkọ̀ ti kún fọ́fọ́.

Alhaji Lateef Jakande, gómìnà Èkó tẹ́lẹ̀, ló kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ojú irin tó jẹ́ ti èrò Èkó gan-an. Metroline ni wọ́n pè é. Ìjọba rẹ̀ gbé iṣẹ́ náà fún Interinfra, àjọṣe àwọn iléeṣẹ́ ilẹ̀ Faransé. Àwọn ológun gbàjọba ní òpin ọdún 1983, nígbà tó sì di 1985, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari wọ́gi lé e. Owó gọbọi bá a lọ, irin kan ò sì balẹ̀. Jakande kú ní oṣù kejì ọdún 2021. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kìíní ọdún 2023, Buhari yìí kan náà, tó ti di ààrẹ alágbádá, ló wá ṣí ojú irin èrò tí wọ́n ń pè ní Blue Line l'Ékòó. Ayé yìí mà ṣòro ó tú.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, torí ibi tí wàhálà wà nìyí. Ká ní ọkọ̀ kan ń lo wákàtí kan fún àlọ àti àbọ̀, títí kan ìgbà tí awakọ̀ fi ń ti orí kan bọ́ sí ìkejì. Tá a bá fẹ́ kí ọkọ̀ máa dé ìdíkọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, mẹ́fà ló gbọ́dọ̀ wà lójú irin. Ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún ńkọ́? Méjìlá. Kò tíì tán o: òmíràn á wà níbi àtúnṣe, òmíràn á wà ní ìmúrasílẹ̀. Ìjọba tó bá ra mẹ́fà kó lè lo mẹ́fà, ọjọ́ tí ọ̀kan bá dákú, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti di méjìlá nìyẹn. Àwọn tó yẹ kí ìyẹn gbé á dúró de èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Wíwọlé àti sísọ̀kalẹ̀ wọn á pẹ́, ọkọ̀ náà á pẹ́, èrò púpọ̀ sí i á tún ti pé jọ sí ìdíkọ̀ tó kàn. Èyí tó tẹ̀ lé e á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bọ̀ lófìfo. Bí ọkọ̀ kan ṣe ń há, tí èkejì sì ń ṣòfò, lórí ọ̀nà kan náà nìyẹn.

Ní 2009 ni ìjọba Gómìnà Babatunde Fashola gbé iṣẹ́ Blue Line fún iléeṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà. Afárá àti òpó ni gbogbo wa ń wò. Ọkọ̀ tó máa rìn lórí rẹ̀ ńkọ́? Ní 2011, Eko Rail, iléeṣẹ́ tí wọ́n fà lé lọ́wọ́ láti pèsè rẹ̀, dúnàá-dúrà lórí ọkọ̀ tòkúnbọ̀ láti ìlú Toronto ní Kánádà. Àárín 1976 sí 1979 ni wọ́n ṣe irú èyí tí wọ́n ń pè ní H5 tó wà nínú rẹ̀. Ìbú irin Toronto jẹ́ 1,495 mìlímítà, ti Blue Line sì jẹ́ 1,435, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n tó lè wúlò fún wa. Wọn ò dé Èkó. Ọkọ̀ tuntun tí CRRC ti Ṣáínà ṣe ni Blue Line ń lò lónìí. Lójú tèmi, ìyẹn ni ìpinnu tó dára jù nínú ìtàn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kó tó wáyé.

Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Blue Line, láti Mile 2 dé Marina, kìlómítà mẹ́tàlá, ìdíkọ̀ márùn-ún. Ìrìnàjò 12 lóòjọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ oníná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní oṣù kẹwàá, ó di 54. Afárá ò yí padà, ìdíkọ̀ ò yí padà. Iye ìgbà tí ọkọ̀ ń dé ló yí padà.

Red Line, ọ̀nà kejì, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta kókó. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu lọ sí Milwaukee ní Amẹ́ríkà, ó sì kéde pé Èkó ti ra ọkọ̀ Talgo méjì fún un. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ló kọ́kọ́ ní kí Talgo ṣe wọ́n fún òun ní 2009. Gómìnà Scott Walker tó wọlé lẹ́yìn náà ò fẹ́ wọn, wọ́n sì wà nílẹ̀ láìgbé èrò fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Wọ́n dára, wọ́n sì rẹwà. Ṣùgbọ́n ìrìnàjò Chicago sí Milwaukee, tó lé ní 130 kìlómítà, ni wọ́n ṣe wọ́n fún: ẹni tó máa jókòó pẹ̀lú àpótí rẹ̀, tí kò ní sọ̀kalẹ̀ kíákíá. Ọkọ̀ inú ìlú ń fẹ́ ilẹ̀kùn fífẹ̀ tó pọ̀, ìjókòó díẹ̀ àti ibi ìdìmú fún ẹni tó dúró, kí ọgọ́rùn-ún èèyàn lè bọ́ sílẹ̀ l'Óṣòdì kí ọkọ̀ sì ṣí lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ karùndínlógún oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò, láti Agbádó dé Oyíngbó, kìlómítà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ká ní ìrìnàjò náà gba wákàtí kan lọ, wákàtí kan bọ̀: pẹ̀lú ọkọ̀ méjì, wákàtí kan ni ẹni tó bá pàdánù ọ̀kan á fi dúró de èkejì. Ojú irin kan náà sì ni Red Line àti ọkọ̀ Ìbàdàn jọ ń lò. Èkó ò tún lè yá a ní ọkọ̀ láti ọ̀dọ̀ Blue Line, torí irin kẹta tó wà nílẹ̀ ni ti ibẹ̀ fi ń gba iná, díísẹ̀lì sì ni ti Red Line ń lò.

Green Line, láti Marina lọ sí Lekki, ni wọ́n ń sọ báyìí. Bí wọ́n bá gbé àwòrán afárá wá, ẹ bá wa bi wọ́n: ọkọ̀ mélòó, ìṣẹ́jú mélòó láàárín ọ̀kan sí èkejì, mélòó ló sì máa wà ní ìmúrasílẹ̀?