Àìlágbára ẹ́ńjìnì kékeré

Àìlágbára ẹ́ńjìnì kékeré ni ipò tí ẹ́ńjìnì tó ń lo epo bẹntírò, irú èyí tó ń yí ẹ̀rọ ìgékoríko tàbí jẹnẹrétọ̀ kékeré, ti ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò lè gbé iṣẹ́ tó ń gbé tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó lè máa dún dáadáa lófìfo, kí ó sì fẹ́ kú bí abẹ bá ti wọ koríko.

Ohun tí ẹ́ńjìnì nílò

Ohun mẹ́rin ni: epo, afẹ́fẹ́, iná pílọ́ọ̀gì àti ìfúnpọ̀ inú sílíńdà. Kí bẹntírò tó lè jó tán, ó nílò afẹ́fẹ́ tí ìwúwo rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 14.7 tirẹ̀.

Àwọn okùnfà

Asẹ́ afẹ́fẹ́: Bí eruku bá dí i, epo a pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, èéfín dúdú a sì máa jáde.

Epo tó ti pẹ́: Bẹntírò tó wà nínú táǹkì fún ọ̀pọ̀ oṣù a máa bàjẹ́. Gèdègédé rẹ̀ a lẹ̀ bí oje igi, a sì dí ihò tín-ín-rín inú kábúrétọ̀.

Ìdérí táǹkì: Bí ihò afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ bá dí, epo kò ní lè sọ̀kalẹ̀ dáadáa. Ẹ́ńjìnì a ṣiṣẹ́ díẹ̀, a sì kú. Bí ó bá tún jí lẹ́yìn tí a tú ìdérí náà tí a sì dé e padà, ibẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ fura sí.

Pílọ́ọ̀gì: Ẹnu rẹ̀ tó bá pọ́n bí ilẹ̀ gbígbẹ fi hàn pé epo ń jó dáadáa. Èyí tó dúdú tó sì gbẹ ń tọ́ka sí epo àpọ̀jù; èyí tó funfun, sí epo tí kò tó tàbí ooru àpọ̀jù.

Sàlẹ́ńsà: Èédú a máa dí i, pàápàá nínú ẹ́ńjìnì tí a ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntírò rẹ̀.

Ìfúnpọ̀: Ríǹgì tó ti jẹ tàbí fáfù tí kò dé dáadáa a máa jẹ́ kí agbára jò. Èyí nílò mẹkáníìkì.

Ètò àyẹ̀wò

A máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó rọrùn: epo, asẹ́ àti pílọ́ọ̀gì, kí a tó tú kábúrétọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí a pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí a sì dán ẹ̀rọ náà wò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a kò ní mọ èyí tó fa àìsàn náà.

Ààbò

Ó yẹ kí ẹ́ńjìnì tutù, kí a sì yọ wáyà pílọ́ọ̀gì kí a tó fọwọ́ kan abẹ, nítorí yíyí abẹ lè mú ẹ́ńjìnì ta. A kì í dán ẹ́ńjìnì wò nínú ilé, nítorí gáàsì carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn.