Ojú Irin, Obì àti Ilẹ̀ Agége

Bí ẹ bá dúró ní Òṣòdì ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí àwọn ará Ìsọlọ̀ ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kan láti wọ òmíràn, ẹ óò gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀pọ̀ èrò kì í tilẹ̀ bojú wò ó. Olúkúlùkù ń sáré lọ sí ilé rẹ̀, ọkọ̀ náà yóò sì kọjá lọ.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ bi mí pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni wọ́n fi ojú irin yìí ń kó nígbà àtijọ́?” Ìbéèrè náà dùn mọ́ mi, nítorí pé àwa àgbà kì í sábà bèèrè rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ dá lóhùn lónìí, kí ẹ̀yin náà lè bá mi gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ní ilẹ̀ Íńdíà, ojú irin kékeré kan wà tí ó ń gun òkè lọ sí ìlú Darjeeling. Ní ọdún 1881 ni ó dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 2 péré ni ó wà láàárín irin méjèèjì, ó sì ń lọ́ bí ejò láàárín àwọn òkè tí wọ́n gbin tíì sí. Títí di òní, bí ènìyàn bá dárúkọ Darjeeling, tíì ni ó ń wá sí ọkàn gbogbo ayé. Ọ̀nà ni ó gbé ohun ọ̀gbìn náà jáde, ohun ọ̀gbìn náà ni ó sì sọ ìlú náà di olókìkí. Àwa náà ní irú rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n tiwa kì í ṣe tíì. Obì ni.

Kí ojú irin tó dé ilẹ̀ wa, orí àti ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń kó ẹrù. Àwọn Ẹ̀gbá ń gba odò Ògùn wá sí Èkó, àwọn ará òkè sì ń ru ẹrù tiwọn lórí fún ọjọ́ púpọ̀. Ogun sì ń dí ọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà. Ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá kúrò ní bùdó. Ní ọdún 1893 yìí kan náà ni Gómìnà Carter bá àwọn Ẹ̀gbá ṣe àdéhùn, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gbà pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá dá dúró. Nítorí náà, nígbà tí ojú irin fẹ́ gba Abẹ́òkúta kọjá, kì í ṣe ilẹ̀ tí Gómìnà Èkó ń jọba lé lórí ni ó fẹ́ wọ̀. Ìjọba àwọn Ẹ̀gbá ni ó ni ibẹ̀, ó sì di ọdún 1914 kí òmìnira náà tó bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìddó. Irin ń ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá nínú ọkọ̀ òkun, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ènìyàn wa ni ó ṣán igbó, tí ó gbẹ́ ilẹ̀, tí ó sì to irin náà sílẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ààbọ̀ ni ó wà láàárín irin méjèèjì. Nígbà tí ọdún 1900 ń parí lọ, ó ti dé Ìbàdàn, ní oṣù kẹta ọdún 1901 ni wọ́n sì ṣí i. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí máìlì 120.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn wọ ọkọ̀ àtijọ́ náà. Láti Ìddó, ó la Èbúté-Mẹ́tta kọjá, ó gba Yábàá àti Muṣin, ó sì dé Òṣòdì wa yìí, nígbà tí Òṣòdì ṣì jẹ́ abúlé láàárín oko. Láti ibẹ̀ ó gba Ìkejà dé Agége. Bí ó ti ń lọ síwájú ni ilẹ̀ ń ga díẹ̀díẹ̀, tí òpè àti igbó ń dí lọ́tùn-ún lósì. Kò pẹ́ tí àpáta fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí. Ní Láféńwá, ọkọ̀ náà gun afárá sọdá odò Ògùn, ìlú tí ó wà lábẹ́ Olúmọ sì wà níwájú èrò, àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá di nígbà tí wọ́n tẹ ìlú wọn dó ní 1830. Lẹ́yìn èyí, òkè ń tẹ̀lé òkè, títí Ìbàdàn fi na ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí àwọn òkè tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n Agége ni mo fẹ́ kí a padà sí. Àwọn tí ó la ojú irin náà kò ní obì lọ́kàn. Ohun tí ìlú òyìnbó ń rà ni wọ́n ń rò, bí epo, ẹ̀kùrọ́ àti owú. Wọ́n fẹ́ kí ẹrù máa sọ̀kalẹ̀ láti inú ilẹ̀ wá sí etí òkun. Àwọn àgbẹ̀ ní èrò tiwọn. Jacob Kehinde Coker, ẹni tí ó wà lára àwọn tí ó dá Ìjọ African Church sílẹ̀ ní 1901, dá oko ńlá sí Ìfàkọ̀ nítòsí Agége. Ní 1907, àwọn àgbẹ̀ Agége kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Kòkó ni wọ́n fi ṣe olórí ọ̀gbìn ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀ ní 1920 àti 1921, tí igi kòkó kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbè wọ́n mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn yí ojú sí obì gbànja.

Ẹ mọ̀ pé oríṣi obì méjì ni ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Abàtà ni èyí tí ó ní ju awẹ́ méjì lọ, òun ni a fi ń ṣe ìgbéyàwó, tí a sì fi ń bọ. Gbànja alábẹ̀ẹ́ méjì ni àwọn ará Òkè Ọya fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n obì kì í ṣe ẹ̀kùrọ́. Bí ooru bá pa á, yóò gbẹ; bí ó bá sì pẹ́ jù lọ́nà láìsí ìtọ́jú, yóò bàjẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ewé tútù dì í sínú agbọ̀n. Nígbà kan rí, Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, ni ọ̀pọ̀ gbànja ti ń gba orí òkun wá sí Èkó kí wọ́n tó gbé e lọ sí òkè. Nígbà tí ojú irin Èkó wá bá ti Kánò pàdé ní 1911, ọ̀nà kúrú. Kí afárá Jẹ́bà tó parí ní 1916, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ọkọ̀ ojú irin sọdá odò Ọya, síbẹ̀ obì ń lọ. Àwọn oníṣòwò Háúsá wá fi Agége ṣe ibùgbé, wọ́n ń ra obì lọ́wọ́ àgbẹ̀, wọ́n sì ń kó o sínú ọkọ̀ lọ sí Kánò.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ojú irin tí wọ́n là kí ẹrù lè sọ̀kalẹ̀ wá sí òkun, àgbẹ̀ àti oníṣòwò fi rán ẹrù gòkè. Ọjà tí òyìnbó kò béèrè ni wọ́n fi là. Kò sí gómìnà tí ó pàṣẹ fún wọn.

Ọ̀nà tí ó sọ Agége di ilẹ̀ obì yìí kan náà ni ó tún gba obì kúrò níbẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ bá ń dúró ni ènìyàn ń fẹ́ gbé. Òṣìṣẹ́ dé, oníṣòwò dé, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n kọ́lé, oko sì di àdúgbò. Bí mo bá pe orúkọ Agége ní kíláàsì, búrẹ́dì ni àwọn ọmọ ń dárúkọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dárúkọ obì. N kò bá ẹni tí ó ta ilẹ̀ rẹ̀ jà, nítorí pé ebi kì í dúró de ìtàn. Ohun tí ó dùn mí ni pé a tà á tán, a sì tún gbàgbé ohun tí ó hù lórí rẹ̀.

Nísinsìnyí, ojú irin mìíràn ti dé. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí tuntun láti Èbúté-Mẹ́tta dé Mọ́níyà ní Ìbàdàn, kìlómítà 157, irin rẹ̀ sì fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ní 2024, ọkọ̀ ojú irin ti Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Agbádó dé Oyíngbò, ó sì ń dúró ní Òṣòdì. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n tẹ́ṣàn tuntun wà ní Kájọlà, ó wà ní Papalańtọ́, ó wà ní Ọmí-Àdìó, níbi tí oko ṣì wà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Agége lè ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ ní etí ojú irin tuntun yìí, ẹ wo ẹ̀yìn sí Agége kí ẹ tó gba owó ilẹ̀. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ilẹ̀ yín lè kó sínú ọkọ̀ náà, kí ó tó jẹ́ pé kìkì èrò ni ọkọ̀ ń já sí orí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń wọ̀ ọ́ ní Òṣòdì, bí ẹ bá dé Agége, ẹ fi ọwọ́ hàn ọmọ yín láti ojú fèrèsé, kí ẹ wí fún un pé obì ni ó wà níbí rí. Ó dìgbà kan ná.