Ọjọ́ Tí Èsì Àyẹ̀wò Jáde

Aago mẹ́fà àárọ̀

Nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ òru mọ́jú yọ tẹmómítà lábíyá àbúrò mi, ó sì kọ 39.2 sínú ṣáàtì tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Kó tó di ọjọ́ yìí, ọ̀kadà ti gbá a nígbà tó ń ti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀ bọ̀. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì fi irin dè é pọ̀. Egungun ń tò bó ṣe yẹ, ojú abẹ ni ò jiná. Ó wú, ọyún ń sun níbẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ti mú kí ọkùnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì máa kọjú sí ògiri sùn. Ceftriaxone ni wọ́n ń gún fún un láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, abẹ́rẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọsibítù wa kọ́kọ́ máa ń nawọ́ sí. Ibà náà ò rọlẹ̀.

Inú fáìlì rẹ̀ ni mo ti rí díẹ̀ nínú ohun tí mo kọ síbí, ẹnu àwọn tó tọ́jú rẹ̀ ni mo ti gbọ́ òmíràn, èyí tó kù ṣojú mi. N ò ní dárúkọ ọsibítù náà.

Aago méje

Ẹ̀rọ omi wọ́ọ̀dù ò yọ. Wọ́n fi kẹ́ẹ̀gì pọn omi wá, nọ́ọ̀sì méjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ egbò fún gbogbo wọ́ọ̀dù. Mo ń wò wọ́n. Wọ́n ń bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n ń wọ òmíràn, ṣùgbọ́n tírólì kan náà ló ń ti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan dé èkejì, omi tí wọ́n sì máa fi ṣan ọwọ́ láàárín aláìsàn kan sí òmíràn ò tó. Láti 1847 ni dókítà Ignaz Semmelweis ti fi hàn ní Vienna pé bí dókítà bá fọwọ́ kó tó kan aláboyún, ikú á dín kù. Kì í ṣe pé àwọn nọ́ọ̀sì wa ò mọ̀ ọ́n. Ta ló fẹ́ kí wọ́n fi kẹ́ẹ̀gì kan ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ omi?

Aago mẹ́jọ ààbọ̀

Ní láàbù nísàlẹ̀, onímọ̀ àyẹ̀wò ṣí ẹ̀rọ tó ń mú kòkòrò móoru, ó gbé àwo pẹlẹbẹ kan jáde. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ti fi òwú gba ọyún lára egbò àbúrò mi. Nígbà tó fi di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kòkòrò ti hù lórí àwo àkọ́kọ́, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń yọ̀. Klebsiella ni, èyí tó sábà máa ń gbé inú ìfun èèyàn láìṣe é ní nǹkan kan, àfi bó bá rí ojú egbò wọ̀. Onímọ̀ náà tún un gbìn sórí àwo mìíràn, ó to bébà róbótó kéékèèké lé e lórí, oògùn kọ̀ọ̀kan lára bébà kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé e sínú ooru ìwọ̀n 35 mọ́jú. Oògùn tó bá ràn kòkòrò náà, àyíká bébà rẹ̀ á mọ́, ohunkóhun ò ní hù níbẹ̀. Èyí tí kò bá ràn án, kòkòrò á hù dé etí bébà.

Ó hù dé etí ceftriaxone. Ó hù dé etí ciprofloxacin àti gentamicin. Àyíká amikacin mọ́ díẹ̀. Meropenem nìkan ni àyíká rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Gbogbo ceftriaxone tí wọ́n ti gún fún un, kòkòrò yìí ò kà á sí. Onímọ̀ náà ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé kòkòrò náà ń ṣe èròjà kan tó ń já oògùn náà kó tó lè ṣiṣẹ́. Ègé DNA kékeré kan tí wọ́n ń pè ní plasmid ló gbé agbára yìí, kòkòrò kan sì lè fà á lé òmíràn lọ́wọ́, kódà bí wọn kì í bá ṣe irú kan náà. Ibi tí ẹ̀rù ti bà mí nìyí: ohun tí kòkòrò kan kọ́ lára aláìsàn kan, kò pọn dandan kí èkejì tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Wọ́n kọ èsì sórí bébà, wọ́n sì fi í sínú àpótí èsì. Kò kúrò níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Aago mẹ́wàá

Dókítà àgbà dé pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó béèrè èsì, kò sí nínú fáìlì. Ó rán dókítà kékeré kan sísàlẹ̀, ó sì yíjú sí ìyá wa.

“Màmá, àwọn oògùn wo ló ti máa ń lò tẹ́lẹ̀?”

“Dókítà, ọmọ mi kì í ṣàìsàn púpọ̀. Bí ara bá ń ro ó, á ra Ampiclox. Bí inú bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, á lo Flagyl àti kápúsù pupa-àti-yẹ́lò yẹn. Méjì méjì ni. Bó bá ti san, ó parí.”

Dókítà ò bá wọn wí. Ó ní lóòótọ́, oògùn méjì méjì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì ń kọ́ kòkòrò níṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ní inú ọsibítù gan-an ni irú kòkòrò yìí ti sábà máa ń mú èèyàn. Mo mọrírì rẹ̀ pé ó sọ èyí létí ìyá mi, nítorí ojú wọn ti ń sọ pé àwọn làwọn pa ọmọ àwọn. Ní December 1945, nígbà tí Alexander Fleming ń sọ̀rọ̀ lórí Ẹ̀bùn Nobel tó gbà fún pẹnisílíìnì, ó ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá lo oògùn náà ní ìwọ̀n tí kò tó, ńṣe ló ń sọ kòkòrò di alágbára.

Aago mọ́kànlá

Dókítà kékeré ti mú èsì dé, wọ́n sì kọ oògùn tuntun: meropenem, gíráàmù kan, wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ. Ilé oògùn ọsibítù ò ní in. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Maruwa, mo ń ti ilé oògùn kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tí mo rí i, iye tí wọ́n pe ìgò kan ju ohun tí àbúrò mi ń pa lóòjọ́ lọ, mẹ́ta ló sì máa lò lóòjọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé pín oògùn apakòkòrò sí ọ̀wọ́ mẹ́ta, wọ́n sì ka ceftriaxone àti meropenem méjèèjì mọ́ èyí tó gba ìṣọ́ra. Síbẹ̀, àwa ti sọ ceftriaxone di oògùn ojoojúmọ́.

Aago méjì ọ̀sán

Abẹ́rẹ́ meropenem àkọ́kọ́ wọlé. Wákàtí márùn-ún ààbọ̀ ti kọjá lẹ́yìn tí èsì jáde.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́

Wọ́n gbé e padà sí tíátà, wọ́n ṣí ojú egbò, wọ́n fọ ọyún àti ẹran tó ti kú kúrò. Kòkòrò máa ń lẹ̀ mọ́ irin, á sì fi ikun bora níbẹ̀, oògùn nìkan kì í dé abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó padà dé, wọ́n tẹ́ ẹ sí ìpẹ̀kun wọ́ọ̀dù nítorí pé yàrá àdágbé ò sí. Nọ́ọ̀sì ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa má jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, ó sì gbé ìgò ọtí ìfọwọ́ sẹ́bàá rẹ̀.

Aago mẹ́wàá alẹ́

Wọ́n gún abẹ́rẹ́ kejì. Dókítà alẹ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí oorun ń kùn, dúró tì mí ní kọ́rídọ̀. Ó ní òun ti ka ìwádìí tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet tẹ̀ jáde ní 2022: ní 2019, mílíọ̀nù 1.27 èèyàn ni kòkòrò tí oògùn ò ràn pa ní tààrà lágbàáyé, Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló sì burú jù. Ní Nàìjíríà nìkan, wọ́n fojú bù ú pé ó pa nǹkan bí 64,500 lọ́dún yẹn. Orílẹ̀-èdè wa ti ní ètò láti gbógun tì í láti 2017. Ó wò yíká wọ́ọ̀dù náà, kò sọ ohun mìíràn.

Aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́rú

Nọ́ọ̀sì kọ 38.1 sínú ṣáàtì.

Àbúrò mi ń rìn báyìí, ó ń tiro díẹ̀. Ó pẹ́ kí ibà náà tó kúrò pátápátá. Ọkùnrin tó máa ń kọjú sí ògiri, àyẹ̀wò egbò tirẹ̀ náà mú Klebsiella jáde.

Bí ẹni yín bá wà ní ọsibítù tí egbò rẹ̀ ń sọyún, tàbí tí ibà rẹ̀ kọ̀ tí kò rọlẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti gba àyẹ̀wò rẹ̀ kí wọ́n tó yí oògùn padà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí èsì bá yẹ kó jáde, ẹ rán èèyàn lọ dúró dè é. Ẹ̀yin tí ọsibítù ìjọba wà níkàáwọ́ yín, ẹ fa omi dé gbogbo wọ́ọ̀dù, ẹ sì yọ owó àyẹ̀wò kòkòrò kúrò lọ́rùn aláìsàn. Àyẹ̀wò tí àbúrò mi ṣe lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ tí egbò náà kọ́kọ́ wú ló yẹ kí wọ́n ti ṣe é.