Èlú àti Aṣọ Dúdú ní Ilẹ̀ Òkun

Èlú, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Lonchocarpus cyanescens, jẹ́ ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ Adúláwọ̀ tí ó máa ń gun igi mìíràn, tí kì í kú bí ọdún bá yí, tí òdòdó rẹ̀, tí ó jọ ti ẹ̀wà, sì máa ń yọ ní ṣùùrù pẹ̀lú àwọ̀ tí ó wà láàárín aró àti àlùkò. Òdòdó yìí lẹ́wà, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ohun tí a ń tọ́jú sí àyíká ilé, nítorí inú ewé ni aró wà.

Ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú ni àwọn aláró ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n sì ń sá sóòrùn. Omi tí wọ́n bá rọ gba inú eérú kọjá, nínú ìkòkò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀, ni wọ́n máa ń rẹ ìṣù náà sí, tí wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè kan dáadáa. Òwú tí wọ́n bá rẹ sínú aró yìí, tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ, kì í tíì dúdú, àwọ̀ ewé ni ó máa ń ní. Atẹ́gùn tí ó bá fẹ́ sí i ni ó ń sọ ọ́ di aró, bí wọ́n bá sì rẹ ẹ́ léraléra, yóò ṣú.

Lórí òfì tí ó dúró lóòró ni àwọn obìnrin Òkun, ìyẹn àwọn Yorùbá agbègbè Kàbbà ní ìpínlẹ̀ Kogí, ti ń fi irú òwú yìí hun aṣọ. Elisha Renne, tí ó ṣe ìwádìí ní Bùnú, apá kan nínú ilẹ̀ Òkun, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1995, fi hàn pé ti ìgbéyàwó ni aṣọ dúdú, nígbà tí aṣọ pupa jẹ́ ti eégún àti ìsìnkú àwọn ènìyàn pàtàkì. Òwú pupa náà, ọ̀nà jíjìn ni ó ti ń wá nígbà náà, kódà wọ́n máa ń tú u lára búláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé àti igbó ìtòsí ni aró aṣọ ìyàwó ti ń wá.

 Ní ọdún 1897 ni BASF, ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni ó sì pa èlú lára, nítorí ẹni tí ó bá ti ra ẹ̀tù aró kò nílò ewé gígún mọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó ń wá òdòdó aláwọ̀ aró fún ọgbà ilé rẹ̀ lónìí kò ní láti ra ti òkèèrè, bí ó bá sáà ti ní igi tàbí ọgbà onígi tí èlú lè gùn.