Ọ̀nà tí Orúkọ Àwọn Òrìṣà Gbà Dé Inú Ìwé Ìtàn-Àròsọ Kan

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, a jẹ́ pé ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ wo orúkọ lè tipa rẹ̀ mọ ilé tí ó ti wá àti ọ̀nà tí ó gbà. Irú ìwòye bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ fi síwájú ẹ̀yin òǹkàwé ìwé Ẹgbẹ́ wa lọ́dún yìí, lẹ́yìn tí mo ka ìwé kan tán tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ilé-Ifẹ̀ ń yá lọ́wọ́ ara wọn. Orúkọ ìwé náà ni Children of Blood and Bone, èyí tí a lè pè ní Ọmọ Ẹ̀jẹ̀ àti Egungun. Tomi Adeyemi ni ó kọ ọ́, ọmọbìnrin tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ṣùgbọ́n tí a bí sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1993. Ìwé náà jáde ní ọdún 2018; èkejì rẹ̀ tẹ̀lé e ní 2019, ẹ̀kẹta sì parí ìtàn náà ní 2024.

Ìtàn idán àti ìtàn ìfẹ́ ni, àwọn ọ̀dọ́ ni a sì kọ ọ́ fún. Ní ilẹ̀ kan tí ń jẹ́ Orïsha, ọba Saran ti pa àwọn tí ó ní agbára idán, ó sì ti sọ àwọn ọmọ wọn di ẹni ẹ̀gàn. Zélie, ọmọ apẹja kan, tí ìyá rẹ̀ kú nínú ìpakúpa náà, dìde pẹ̀lú Tzain ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Amari ọmọbìnrin ọba, láti mú agbára tí ó sọnù padà. Inan, àrẹ̀mọ ọba, ni a rán láti lépa wọn. Lójú ọ̀nà ni Inan ti rí i pé ohun tí bàbá òun kórìíra wà nínú ẹ̀jẹ̀ òun fúnra òun. Lójú ọ̀nà kan náà ni ọkàn òun àti ti Zélie ti fà mọ́ra. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí, n kò ní sọ ọ́, nítorí àwọn tí kò tíì kà á.

Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa kò ní rìn jìnnà nínú ìwé yìí kí ó tó kọsẹ̀. Òrìṣà ti di orúkọ ilẹ̀, a sì fi àmì kan sí i lórí tí kò sọ ohunkóhun nínú èdè wa. Ìlọrin, tí òkun jìnnà sí, ti di abúlé àwọn apẹja tí ó léfòó sórí omi. Nígbà tí a bá dé ibi tí a gbé ka ìdílé mẹ́wàá tí àwọn onídán pín sí, a ó rí Ochumare, a ó rí Oxosi, a ó rí Babalúayé, a ó rí Sàngó tí kò ní àmì lábẹ́. Agbára inú ẹ̀jẹ̀ wọn ni a sì kọ ní ashê. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan fi ìwé náà ṣe ẹlẹ́yà nítorí èyí. Wọ́n ní ọmọ tí kò mọ ilé bàbá rẹ̀ ni ó kọ ọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe àṣìkọ lásán. Ẹ̀rí ìtàn ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ipasẹ̀ ẹran ti jẹ́ ẹ̀rí fún ọdẹ.

Ẹ jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ náà. Ìró tí àwa ń fi ṣ kọ, x ni àwọn Potogí ń fi kọ ọ́. Nítorí náà ni àṣẹ ṣe di axé ní Bùràsíìlì, tí Ṣàngó di Xangô, tí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì sì di Oxóssi. Ní ti èdè Sípéènì, ìró tí ó sún mọ́ ọn jù lọ níbẹ̀ ni ti ch. Nítorí náà ní Kúbà, Ṣàngó di Changó, Ọ̀ṣun di Ochún, Òṣùmàrè sì di Ochumare. Bí a bá wá rí Oxosi àti Ochumare lójú ìwé kan náà, a mọ̀ pé ọ̀kan ti gba ẹnu àwọn ará Bùràsíìlì kọjá, èkejì sì ti gba ẹnu àwọn ará Kúbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti Ayao, tí ìwé náà fi ṣe olórí ìdílé afẹ́fẹ́. Àwọn olórìṣà Kúbà ni ó mọ̀ ọ́n sí àbúrò Ọya. Ọya fúnra rẹ̀, tí àwa mọ̀ sí aya Ṣàngó àti ẹni tí ó ni ìjì, ni a fi ṣe olórí ìdílé ikú. Èyí pàápàá ní orísun: ní Kúbà, Ọya ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú, àti nílé níhìn-ín pẹ̀lú, a mọ̀ pé Ọya àti egúngún kò ṣàì tan.

Adeyemi kò fi ọ̀nà tí ó gbà pamọ́. Lẹ́yìn tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nínú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Harvard, ó gba owó ìwádìí lọ sí ìlú Salvador ní Bàhíà, láti kọ́ nípa àṣà àti ìtàn ìwásẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Níbẹ̀, lódìkejì òkun sí Ifẹ̀, ni òun àti àwọn òrìṣà ti pàdé.

Báwo ni àwọn òrìṣà ṣe dé ibẹ̀? Ogun ni ó gbé wọn lọ. Ní ìdajì kìn-ín-ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá ní Ìlọrin, ogun Òwu àti ìparun Ọ̀yọ́ Ilé tú ilẹ̀ Yorùbá ká. Àwọn tí a kó ní ìgbèkùn ni a tà fún àwọn olówò ẹrú ní èbúté Èkó, Àjàṣẹ́ àti Wídà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dé Bàhíà, níbi tí a ti ń pè wọ́n ní Nagô, ọ̀rọ̀ tí ó bá Ànàgó tiwa tan; àwọn tí ó dé Kúbà ni a ń pè ní Lucumí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí láàrin wọn, tí a ń pè ní Malê, èyíinì ni Ìmàle, gbé ogun dìde ní ìgboro Salvador. A ṣẹ́gun wọn. A pa òmíràn, a na òmíràn ní pàṣán, a sì lé òmíràn padà sí Áfíríkà. Nínú ìlú yìí kan náà ni àwọn obìnrin ti dá ilé òrìṣà kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Ilê Axé Iyá Nassô Oká. Ìyá Nàsó jẹ́ oyè ní ààfin Ọ̀yọ́, oyè ìyá tí ń tọ́jú Ṣàngó Aláàfin. Ọ̀yọ́ Ilé di igbó, ṣùgbọ́n a ń pe oyè ààfin rẹ̀ ní Bàhíà títí di òní. Ìfẹ́ àti kọ àwọn òrìṣà sílẹ̀ ni ó mú kí orúkọ wọn yè nínú oko ẹrú, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fún wọn ní àyè.

Ohun tí ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu ni pé ìgbà ogun yìí kan náà ni a ti rí gbòǹgbò lẹ́tà ṣ tí àwa fi ń yangàn. Ní ọdún 1821, a kó ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí ní Òṣogùn. A tà á, a tún un tà, títí ó fi dé Èkó, a sì kó o sínú ọkọ̀ Potogí ní oṣù kẹrin ọdún 1822. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, a sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró, a dá wọn sílẹ̀. Ọmọ náà ni ó di Samuel Ajayi Crowther, tí ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó jókòó ti ọ̀rọ̀ bí a ó ti máa kọ èdè wa sílẹ̀. Láti inú iṣẹ́ wọn ni àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ti fìdí múlẹ̀, ìpàdé kan sì jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ní Èkó ní 1875. Ẹ rò ó wò. Bí ọkọ̀ ogun náà kò bá yọ sí wọn, Àjàyí ì bá ti di ẹrú lọ́wọ́ àwọn Potogí, àwọn ọmọ rẹ̀ ì bá sì máa fi x kọ orúkọ Ṣàngó. Ṣ, x àti ch: wàhálà ọ̀rúndún kan náà ni ó bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún èdè wa. Ẹni tí ó bá ń fi ọ̀kan ṣe ẹlẹ́yà èkejì, àwọn ọmọ ìyá ni ó ń yà nípa.

Okùn àárín ilé àti òkèèrè kò sì já. Àwọn tí ó ra ara wọn padà wá sí Èkó, àwọn ni a ń pè ní Àgùdà. Martiniano Eliseu do Bonfim, tí a bí ní Bàhíà ní 1859, wá sí Èkó ní 1875, ó kàwé níbẹ̀, ó sì padà sí Bàhíà láti di awo tí gbogbo ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún. Pierre Verger, ará Faransé tí ó fi Bàhíà ṣe ilé, di babaláwo ní Kétu ní 1953, a sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Ó tún ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó ń jẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 1987. Ní 1981, Ilé-Ifẹ̀ ni ìpàdé àgbáyé kìn-ín-ní lórí àṣà òrìṣà ti jókòó, tí àwọn olórìṣà láti òkè òkun wá jókòó ti àwọn ti ilé.

Títí dé ibi yìí, ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo ń sọ. Ṣùgbọ́n ìwé ìfẹ́ ni ìwé náà, ó sì yẹ kí a bèèrè ohun tí Ifẹ̀ mọ̀ nípa obìnrin tí ọ̀nà òun àti ọmọ ọ̀tá pàdé. Kò sí ọmọ Ifẹ̀ tí kò mọ ìtàn Mọremí: bí ó ti jẹ́ kí àwọn Ìgbò mú òun, bí ó ti di aya ọba wọn, bí ó ti mọ̀ pé ìko ni wọ́n fi ń bo ara, tí ó sì sá wálé láti kọ́ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n fi iná pàdé wọn. Ìtàn náà sọ ẹ̀jẹ́ tí ó jẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn, ó sì sọ Olúorogbo, ọmọ rẹ̀, tí ó fi san án. Ohun kan ni kò sọ: ohun tí ó wà lọ́kàn Mọremí ní gbogbo ìgbà tí ó fi jẹ́ aya ní ilé ọ̀tá. Fẹ́mi Òṣófisan ti fi ọwọ́ kan ibẹ̀ nínú eré rẹ̀ Morountodun, tí a kọ́kọ́ ṣe ní 1979. Títúbí inú eré náà fẹ́ ṣe bí Mọremí láàrin àwọn àgbẹ̀ tí ó ń jà, ṣùgbọ́n ìfẹ́ mú un, ó sì di ti wọn. Adeyemi kọ odindi ìwé sí ibi tí Ifẹ̀ dákẹ́ sí. Ìdí nìyí, lójú tèmi, tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń kà á di òru. Ẹ̀wẹ̀, Ifẹ̀ ń sọ̀rọ̀ kíkankíkan níbi tí àwọn ìwé ìfẹ́ kì í pẹ́ sí: pé ẹni tí ó gba ìlú là jẹ gbèsè, ìlú pẹ̀lú sì jẹ ẹ́ ní gbèsè. Lọ́dọọdún ni a ń rántí gbèsè náà nínú ọdún Edì. Àwọn ìtàn méjèèjì nílò ara wọn.

Ewu tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti lẹ́tà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí léèrè pé ta ni Ochumare. Ó ti ń wo òṣùmàrè lójú ọ̀run láti kékeré, ó sì mọ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá. Ṣùgbọ́n nínú ìwé, kò mọ̀ pé ojúlùmọ̀ òun ni òun pàdé. Bí ọmọ bá ń ka ìtàn ìran rẹ̀ tí ó sì rò pé ìtàn àjèjì ni, àdánù ńlá ni fún òun àti fún àwa tí a ń pe ara wa ní olùkọ́. Ní 1938, D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó tí kò jìnnà sí wa, gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ìran àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ka ìtàn abàmì ní èdè tí ìyá wọn ń sọ, ọgbọ̀n ọdún sì kọjá kí Wọlé Ṣóyínká tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ní ayé Fágúnwà, ilé ni ìtàn ti jáde lọ sí òde. Lónìí, láti òde ni ó ń bọ̀ wálé, ọ̀nà kejì yìí sì ń fẹ́ ẹni tí yóò dúró lẹ́nu ibodè gbà á.

Nítorí náà ni mo fi ń rọ Ẹgbẹ́ wa kí a ṣe ìwé pẹlẹbẹ kan, èyí tí yóò to orúkọ àwọn òrìṣà inú ìtàn yìí pẹ̀lú àmì ohùn wọn, ìtumọ̀ wọn nílé, àti ohun tí wọ́n dà ní Bàhíà àti ní Kúbà. Ẹ jẹ́ kí a wá ẹni tí yóò kọ ìtàn idán àti ìfẹ́ mìíràn fún àwọn ọ̀dọ́, ní Yorùbá, kí Mọremí lè sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ fún wọn. Ní ti Oxosi àti Ochumare, àlejò tí ó tún jẹ́ ọmọ ilé ni wọ́n. Ohun tí ó tọ́ ni kí a kọ́kọ́ kí wọn káàbọ̀, kí a tó sọ fún wọn bí a ti ń pe orúkọ wọn nílé.