Ọkọ̀ Àlòkù àti Ẹni tí Owó Rẹ̀ Kò Pọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé àti oníṣòwò kékeré. Ó ń wù wá láti ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó lè sáré, tó sì dùn-ún wò, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ wa kò tó ra tuntun. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Báwo ni àwọn tó ṣáájú wa ṣe rí ọkọ̀ tó bá ìwọ̀n wọn mu? Bí a bá tọ ìtàn náà lẹ́sẹẹsẹ, a ó rí ọgbọ́n kọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀nà. Kí Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n ní 1892, orí ènìyàn ni ẹrù máa ń gbà dé Èjìnrìn, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e lọ sí Èkó. Lẹ́yìn ogun náà, ọ̀nà ṣí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n la ọ̀nà reluwé láti Èkó dé Ìbàdàn, tí ó débẹ̀ ní 1901, Abẹ́òkúta ni wọ́n gbà. Reluwé kò yà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tí reluwé kò ṣe fún wa, mọ́tò ló wá ṣe é. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi tẹ́wọ́ gba lọ́rì onígi lára tí a ń pè ní bọ́lẹ̀kájà, tí wọ́n sì fi òwò mọ́tò ṣe iṣẹ́.

Ẹ rántí àwọn ọmọ ìyá méjì láti Ìjẹ̀bú-Òde, Olóyè Timothy Adéọlá Odùtọ́lá àti Alhaji Jimoh Odùtọ́lá. Èkíní dá ilé-iṣẹ́ táyà sílẹ̀ nílé; èkejì fi Ìbàdàn ṣe ibùdó iṣẹ́ títún ojú táyà tó ti jẹ ṣe. Táyà tí ẹlòmíràn ì bá sọ nù, wọ́n tún fi ojú tuntun sí i, ó sì tún padà sójú títì. Ọgbọ́n àlòkù ti pẹ́ lọ́wọ́ wa.

Láàárín 1950 sí 1970, ọkọ̀ tí olùkọ́ lè fojú sùn kò ju mélòó kan lọ: Morris Minor, Opel, Peugeot 403 àti 404, àti Volkswagen tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá. Òyìnbó tó bá ń padà sílé a máa ta tirẹ̀ ní pọ́ọ́kú. Ìjàpá kò ní rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, nítorí náà omi rẹ̀ kò lè hó lójú ọ̀nà. Ẹni tó fẹ́ eré a máa wo Peugeot 404. Kì í ṣe ẹnu lásán ni wọ́n fi ń yìn ín: ó gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1963, 1966, 1967 àti 1968, lórí ọ̀nà eruku àti ẹrẹ̀ tó jọ tiwa. Àbúrò rẹ̀, Peugeot 504, gbà á ní 1975 àti 1978.

Nǹkan mẹ́ta ló wá yí ọjà padà. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972, Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì títì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ọkọ̀ tí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún sì di èyí tí kò bá títì mu mọ́. Ní ìparí 1974, ìjọba gba àbá owó oṣù tí a mọ̀ sí Údójì, owó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ní 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná àti Volkswagen ní Èkó. Nígbà náà ni 504 kún títì. Kò sí abúlé kan tí ẹ ó dé tí mẹkáníìkì ibẹ̀ kò mọ̀ ọ́n tú, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà lọ́jà gbogbo. Ohun tó mú kí ọkọ̀ náà pẹ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn, ju ẹwà rẹ̀ lọ.

Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ díẹ̀. Lẹ́yìn ètò ọrọ̀-ajé 1986, náírà já wálẹ̀. Nígbà tó fi di 1989, dọ́là kan ti ju náírà méje lọ. Ọkọ̀ tuntun sá fún òṣìṣẹ́. Ìgbà náà ni àlòkù láti Bẹ́ljíọ̀mù, Jámánì àti Amẹ́ríkà ya wọlé láti Kùtọnu gba Sẹ̀mẹ̀. Ẹ wo bí ọmọ Yorùbá ṣe sọ ọ́ lórúkọ! Ọmọ tí a bí sókè òkun tó padà wá ilé ni Tòkunbọ̀; ọkọ̀ náà di Tòkunbọ̀. Láti January 2017, ìjọba àpapọ̀ kọ̀ kí ọkọ̀ gba ẹnu ibodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́, ó ní kí wọ́n máa gba èbúté. Ní 2023, owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò, náírà sì tún já. Àṣìrà ọkọ̀ ń dunni ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọkọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn ọ̀dọ́ ń pe Honda Accord tó jáde ní 2003 ní “End of Discussion”, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀rọ̀ kò tíì parí o. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin ní agbára ẹṣin 160. Onísílíńdà mẹ́fà ní 240. Ẹni tó bá ti rí ẹṣin àwọn ìdílé Balógun lọ́jọ́ Ojúde Ọba mọ̀ pé ẹṣin tó lágbára ń fẹ́ ẹni tó lè bọ́ ọ. Ẹ̀wọ̀n irin ló ń yí onímẹ́rin nínú. Bẹ́líìtì rọ́bà ló ń yí onímẹ́fà, ó sì ní ìgbà tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Ní 2004, Honda fúnra rẹ̀ pe ọkọ̀ tó ju mílíọ̀nù kan lọ padà nítorí gíà tó lè gbóná jù kó sì há, onímẹ́fà 2003 àti 2004 sì wà nínú wọn. Ǹjẹ́ èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín dé ọ̀dọ̀ wọn fún àyẹ̀wò? Ẹ bèèrè.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọgbà ọlọ́kọ̀, ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tó ń dán fọ́ yín lójú. Gbogbo ọkọ̀ òde òní ní àmì mẹ́tàdínlógún tí a tẹ̀ mọ́ ọn lára. Nínú èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ló ń sọ ọdún: 3 ni 2003, 4 ni 2004. Bí olùtà bá sọ ọdún mìíràn, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá nájà. Ẹ wo ara táyà pẹ̀lú: nọ́ńbà mẹ́rin wà níbẹ̀, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún 2019. Táyà lè ní ojú dáadáa síbẹ̀ kó ti gbó. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe ti olùtà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ọkọ̀ náà ní òwúrọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kí ẹ sì wò bóyá èéfín ń jáde.

Ohun kan kù tí ó wúwo jù. Ọ̀nà tó ti Ṣágámù gba ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Benin ti gba ẹ̀mí púpọ̀. Òfin ní kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ má ṣe kọjá 100 kìlómítà ní wákàtí kan lójú títì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra ọkọ̀ eré tí kò ṣẹ́ owó kù fún búrẹ́kì, ewu ló rà. Ẹ pín owó yín sí ọ̀nà márùn-ún: ẹ fi mẹ́rin ra ọkọ̀, kí ẹ fi ọ̀kan tó kù ṣe búrẹ́kì, ṣọ́ọ̀kì àti táyà kí ẹ tó gbé ọmọ yín sínú rẹ̀. Bí mẹ́rin náà kò bá tó ra onísílíńdà mẹ́fà, ẹ ra onímẹ́rin. Bí àwọn baba wa ṣe yan 404 nìyẹn, wọ́n wo ọ̀nà, wọ́n wo mẹkáníìkì, kí wọ́n tó wo ẹwà.